Oògùn Ìsanra Nínú Oúnjẹ Ẹja

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo da oúnjẹ sínú kòtò ẹja mi tí ẹja kan ṣoṣo ò yọjú, mo mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Ẹja àrọ̀ kì í fi oúnjẹ sílẹ̀. Mo fi àwọ̀n gbé ọ̀kan sókè: ikùn rẹ̀ wú, egbò pupa gba gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé ilé tí mo háyà ní Muṣin ni kòtò náà wà, òun ni mo sì fi ń jẹun láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú.

Oúnjẹ tuntun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fún wọn ni mo fura sí. Mo lọ bá ẹni tó ń tà á fún mi ní Sùúrùlérè. Ẹ̀rín ló ń rín.

"Àǹtí, mo kàn bá yín fi nǹkan sí i ni. Oògùn tí àwọn ìyàwó ojú ọ̀nà ń lò kí wọ́n lè sanra, òun ni mo lọ̀ mọ́ ọn. Àbí ẹ ò fẹ́ kí ẹja yín ní ìdí ni?"

Inú bí mi. Ṣé ẹja mi ń lọ sílé ọkọ ni? Ta ló bi mí kó tó ṣe é?

Dókítà ẹranko tó wá wò wọ́n ló là á yé mi. Ó ní oògùn náà jọ ohun tí ara ẹja fúnra rẹ̀ máa ń tú jáde bí ẹ̀rù bá bà á. Tó bá ń jẹ ẹ́ lójoojúmọ́, ara rẹ̀ á máa ṣe bíi ti ẹni tí wọ́n ń lé: kò ní dàgbà, kò sì ní lè bá àrùn jà. Ó ní kí n da oúnjẹ náà nù, kí n máa pààrọ̀ omi. Mo ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹja díẹ̀ ṣì ń kú.

Mo kìlọ̀ fún àwọn yòókù tó ń rà á. Ọkùnrin tó ta oúnjẹ náà gbọ́, ló bá lọ sọ fún lánlọ́ọ̀dù mi pé omi mi ló dọ̀tí. Lánlọ́ọ̀dù ní tí ẹja náà ò bá yé kú, òun á wó kòtò náà níparí oṣù. Èmi tí wọ́n ṣe níbi, èmi náà ni wọ́n tún fẹ́ jẹ níyà! Láti ìgbà náà, bí géètì bá ti dún, àyà mi á já. Èmi àti ẹja mi wá di ọ̀kan náà.

Nígbà tí oṣù parí, lánlọ́ọ̀dù dé pẹ̀lú bíríkìlà tó gbé òòlù dání. N ò bẹ̀ ẹ́. Mo gbé abọ́ oúnjẹ fún un.

"Bàbá, ẹ dà á sínú kòtò fúnra yín."

Ó dà á. Omi hó, ẹja fò, wọ́n ta omi sí i láti fìlà dé bàtà.

Ó nu ojú. "Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n ní wọ́n ń kú?" Ó yíjú sí bíríkìlà. "Gbé òòlù ẹ, jẹ́ ká máa lọ."