Páàdì Nínú Ọ̀rá Dúdú

Ní Ìkẹ́rẹ́ tiwa, kò sí oníṣọ́ọ̀bù tó máa ta páàdì kó má fi ọ̀rá dúdú wé e. Wọn kì í wé búrẹ́dì bẹ́ẹ̀. Ó máa ń bí mi nínú. Ohun tí ìjọba kò tijú gba owó orí lé lórí, àwa tó ń lò ó la wá ń tijú rẹ̀.

Àbúrò mi obìnrin wà ní girama. Bí nǹkan oṣù rẹ̀ bá dé tí kò sówó lọ́wọ́ ìyá wa, àkísà ló ń lò, ilé ló sì ń jókòó sí. Nítorí tirẹ̀ ni mo ṣe dara pọ̀ mọ́ àwọn ọ̀dọ́ tó ń bẹ ìjọba kí wọ́n mú owó orí àti owó ibodè kúrò lórí páàdì, páńpáàsì àti mílíìkì ọmọdé, títí kan ohun tí wọ́n fi ń ṣe wọ́n. Lọ́jọ́ tí a lọ bá àwọn àgbà ìlú ní Ìjàn-Èkìtì, kí wọ́n lè bá wa gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ aṣòfin wọn, nǹkan oṣù ń fi inú rírun da àbúrò mi láàmú nílé, kò sówó páàdì, ọjọ́ kejì sì ni ìdánwò rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi tó jẹ́ agbẹnusọ wa kúnlẹ̀ kí wọn, ó kó agolo mílíìkì àti páńpáàsì sórí tábìlì. Gbogbo wọn ń mi orí. Ṣùgbọ́n ó fi páàdì sílẹ̀ nínú ọ̀rá dúdú. Bàbá alága béèrè ohun tó wà níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ti ọ̀rá náà sẹ́yìn agolo mílíìkì.

Mo dìde, mo tú ọ̀rá náà. "Páàdì ni, Bàbá. Ohun tí àwọn ọmọ yín ń lò lóṣooṣù ni."

Àwọn ọkùnrin ń wo òrùlé. Alága ní, "Dá ìyẹn padà sínú ọ̀rá. Ti ọmọ la máa bá yín sọ."

"Ẹ má bínú, Bàbá," ni mo wí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi gan-an ni inú ń bí. "Obìnrin tí kò rí nǹkan oṣù rí, ṣé ó lè bí ọmọ tó máa mu mílíìkì yìí?"

Ìyá àgbà kan rẹ́rìn-ín. "A jẹ ùyà àkísà ní ulé baba wa, a tún jẹ ẹ́ ní ulé ọkọ. Ó tó gẹ́ẹ́."

Alága gbà pé àwọn á gbé ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dé ọ̀dọ̀ aṣòfin. Ọ̀rẹ́ mi fún ọmọ-ọmọ ìyá náà tó bá a wá ní páàdì ọ̀hún, a pàtẹ́wọ́, a sì kọrin títí a fi délé.

Mo ròyìn fún àbúrò mi lórí ibùsùn rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn, mo rí i lójú rẹ̀.

"Àǹtí mi," ló wí, "ṣé á ti dínwó láàárọ̀ ọ̀la?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra. Mo ní rárá, kò tíì ní í dínwó. Ó ní kò burú, ó sì kọjú sí ògiri.