Ẹni Tó Jí Orúkọ Tó sì Jogún Àna

Ní ọdún tí mo wọ yunifásítì tuntun tí wọ́n ṣí létí òkun, àwa ọmọ Adja-Ouèrè tó wà níbẹ̀ kò pé mẹ́wàá, ṣùgbọ́n ìgbéraga wa tó ti ẹgbẹ̀rún ènìyàn. Èmi ra kóòtù dúdú kan lọ́wọ́ ẹni tó ń ta aṣọ àlòkù ní Porto-Novo, mo sì ń wọ̀ ọ́ nínú ooru tí ewúrẹ́ pàápàá ń wá ibòji sí. Tí mo bá padà sílé, èdè Faransé ni mo fi ń dá ìyá mi lóhùn, títí ó fi gbá mi létí lọ́jọ́ kan. Láti ọjọ́ náà ni mo ti rántí Yorùbá.

Ní kíláàsì ìṣirò, ọ̀gá pe orúkọ kan. Orúkọ ọmọ katikíìsì, olùkọ́ ẹ̀sìn ìjọ Àgùdà tó wà ní Kpoulou ni. Mo mọ ọmọ náà. A jọ gba báàkì ni, ìwé-ẹ̀rí tí ènìyàn gbọ́dọ̀ ní kó tó wọ yunifásítì. Mo yíjú láti kí i. Ẹni tó dáhùn kì í ṣe òun. Ọkùnrin kan ni tó fẹ̀ léjìká, tó ju gbogbo wa lọ lọ́jọ́ orí, tí àpá ọ̀bẹ sì kún ìka rẹ̀. Adẹ́mu abúlé Massè ni, ẹni tó máa ń gbé ẹmu wá fún bàbá mi lọ́jọọjọ́ ọjà.

Mo dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ wá ṣe níbí?"

"Ohun tí ìwọ náà wá ṣe. Àbí kóòtù lo wá fi hàn wá?"

"Orúkọ tí wọ́n pè yẹn ńkọ́?"

"Mo jí i." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ní òun ra iyọ̀. "Má wá ọ̀rọ̀ tó dùn ju ìyẹn lọ fún mi. Jíjí ni mo jí i. Tí o bá fẹ́ lọ sọ, ọ́fíìsì sẹkiretéè ló wà lọ́hùn-ún yẹn. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé ìṣirò kejì fún ọ, torí mo rí i pé ńṣe lo kàn da ohun tí ọ̀gá kọ sójú pátákó kọ."

Èmi kò lọ sọ. Kì í ṣe pé mo jẹ́ ènìyàn rere. Ìṣirò kejì náà ni kò yé mi. Yàtọ̀ sí ìyẹn, èmi náà kò lè gbé ojú sókè kí n pe ẹnikẹ́ni ní ayédèrú. Ní ilẹ̀ wa nígbà náà, ọjọ́ orí méjì ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ní, ti ilé àti ti ìwé. Ilé ẹ̀kọ́ kì í gba ọmọ tó bá ti dàgbà jù, nítorí náà àwọn òbí á mú ẹlẹ́rìí méjì lọ sí ilé ẹjọ́, àwọn yẹn á búra pé ojú àwọn ni wọ́n ṣe bí ọmọ náà, akọ̀wé á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé a bí i ní nǹkan bí ọdún báyìí. Ọ̀kan nínú àwọn tó búra pé òun wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bí mi fi ọdún méjì péré jù mí lọ.

Ti adẹ́mu kàn le ju tiwa lọ ni. Ó ti dàgbà kọjá ohun tí ìbúra lè tún ṣe nígbà tí ó parí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó mú ìwé ìbí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí kò fẹ́ràn ilé ẹ̀kọ́, ó fi wọ kọ́léèjì, ó sì ń ṣe ipò kìíní níbẹ̀ títí ó fi ku ọdún kan kí ó ṣe báàkì. Ọdún náà gan-an ni ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pinnu láti di ọlọ́pàá, ó sì nílò ìwé ìbí tirẹ̀. Ìjọba rí i pé ẹnì kan ṣoṣo wà ní ibi méjì, wọ́n sì lé adẹ́mu jáde. Ó padà sídìí ọ̀pẹ, ó ń yá ìwé kà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá wá mu ẹmu.

Ibẹ̀ ni ọmọ katikíìsì ti bá a. Ọmọ náà ti gba báàkì, ìjọba ti fún un ní owó ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n obìnrin kan tó ń ta aṣọ ní Nàìjíríà ti gba ọkàn rẹ̀. Ó gbé àpótí ìwé rẹ̀ sí àtíbàbà adẹ́mu, ó ní, "Ẹ bá mi tọ́jú rẹ̀, mò ń bọ̀," ó sì kọjá ẹnubodè. Adẹ́mu tọ́jú rẹ̀ fún oṣù méjì. Ní oṣù kẹta, ó ṣí àpótí náà, ó lẹ fọ́tò ara rẹ̀ mọ́ ìwé, ó sì wọ ọkọ̀ lọ sí etí òkun.

Ọdún mẹ́ta ni ó nílò láti parí. Tí wọ́n bá mú un kí ó tó parí, ẹ̀wọ̀n ló ń lọ, kò sì ní sí orúkọ mìíràn tí yóò tún gbé e wọ ilé ìwé kankan láyé.

Kí n sọ òtítọ́, tí àjèjì kan bá wá síbẹ̀ tó ní kí wọ́n fi ayédèrú akẹ́kọ̀ọ́ han òun, àwa ni ì bá nàka sí. Àwa tí ìwé wa pé, a ń jiyàn lábẹ́ igi nípa ìwé tí a kò ṣí. Ọ̀kan nínú wa ń ra gíláàsì ojú nígbà tí ojú rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan. Adẹ́mu nìkan ló ń kàwé bí ẹni tí ebi ń pa. Tí ọ̀gá bá ṣàṣìṣe lójú pátákó, òun ló máa ń rí i, kì í sì í sọ ọ́ ní kíláàsì. Á dúró kí gbogbo wa jáde, á wá fi ìka tọ́ka sí i fún ọ̀gá. Mo bi í léèrè ìdí rẹ̀. Ó ní, "Àbúrò, olè kì í pariwo."

Ṣùgbọ́n ipò kìíní ló pariwo fún un. Ní ọdún kejì, ìròyìn dé Kpoulou pé ọmọ katikíìsì ló ṣáájú ní yunifásítì. Bàbá arúgbó náà, tí kò gbúròó ọmọ rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti lọ, rò pé ó ti padà láti Nàìjíríà ni. Ó di gàrí àti epo, ó sì wá kí ọmọ rẹ̀.

Èmi ni sẹkiretéè, akọ̀wé yunifásítì, rán láti lọ pe akẹ́kọ̀ọ́ náà. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, bàbá orúkọ yín ti dé o. Ẹ gba ojú fèrèsé jáde." Ó kó ìwé rẹ̀ jọ, ó wo fèrèsé, ó sì gba ẹnu ọ̀nà. Ó ní òun kò lè sá fún bàbá arúgbó tó ru epo wá láti Kpoulou.

Katikíìsì wò ó láti ẹsẹ̀ dé orí. Ilà ojú adẹ́mu kì í ṣe ti ilé katikíìsì rárá. Ọmọdé Kpoulou yóò rí i lókèèrè. Ọmọ etí òkun ni sẹkiretéè, òǹtẹ̀ ló mọ̀ ọ́n wò, kò mọ ilà.

Ó bi katikíìsì pé, "Bàbá, ṣé kì í ṣe ọmọ yín ni?"

Ọkùnrin yìí ló kọ́ gbogbo wa ní Òfin Mẹ́wàá, pàṣán ló sì fi kọ́ wa ní èyí tó ní kí a má purọ́. Ó mí kanlẹ̀.

"Ó ti rù," ló wí.

Òótọ́ sì ni. Ó rù.

Lábẹ́ igi máńgòrò, adẹ́mu dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Katikíìsì kò ní kó dìde.

"Ọmọ mi dà?"

"Ó wà ní Nàìjíríà, Bàbá. Ó ń ta aṣọ. Ara rẹ̀ le."

"Kí ni ìwọ wá ń fi orúkọ rẹ̀ ṣe?"

"Ìṣirò, Bàbá."

"O mọ̀ ọ́n?"

Èmi ni mo dáhùn: "Òun ló ń kọ́ àwa yòókù, Bàbá."

Arúgbó náà jókòó sórí kẹ́ẹ̀gì epo rẹ̀. "Ó dáa. Orúkọ tí o gbé yẹn, àna wà nídìí rẹ̀. Ọmọbìnrin kan wà ní abà kan tó jìnnà lẹ́yìn Massè tí a ti tọrọ fún ọmọ mi láti ìgbà tí kò tíì lè rìn. Àti ọdún tó kọjá àti ọdún yìí, kò sẹ́ni tó lọ ṣe ọ̀wẹ̀ lóko bàbá rẹ̀. Ó ti ní tí òjò ọdún tó ń bọ̀ bá tún lọ bẹ́ẹ̀, òun á wá kígbe mọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Tí o bá jẹ́ ọmọ mi, lọ roko àna mi. Tí o ò bá jẹ́ ọmọ mi, jẹ́ kí n padà wọlé lọ bá sẹkiretéè yẹn."

"Bàbá, mo ka ìwé náà tán kí n tó jí i. N kò rí àna níbẹ̀."

"Òyìnbó kì í kọ ọ́ síbẹ̀."

Báyìí ni ó ṣe di pé, ní ọdún kẹta, àwa akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì márùn-ún gbé ọkọ́ lọ sí abà náà lẹ́yìn Massè. Òjò pẹ́ kí ó tó rọ̀ lọ́dún náà, nígbà tí ó sì rọ̀, àna ní ọjọ́ Sátidé ni òun fẹ́. Ọjọ́ Mọ́ńdè ni ìdánwò ìparí wa. Adẹ́mu kò bẹ àna pé kó sún un síwájú. Àna wo ilà ojú rẹ̀.

"Ìwọ kọ́ ni ọkọ ọmọ mi."

"Rárá, Bàbá. Arákùnrin rẹ̀ ni mí, nínú ìwé."

"Nínú ìwé?" Ó wo ọwọ́ rẹ̀ tó yi. "Ilẹ̀ kì í béèrè ìwé. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ọ̀pẹ yẹn."

Kí ó tó di ọ̀sán, ọwọ́ mi ti bó. Ẹni tó ń wọ gíláàsì ojú ti gé ẹ̀gẹ́ tó yẹ kó dá sí. Adẹ́mu ti parí ebè mẹ́ta kí èmi tó parí ọ̀kan. Ọmọbìnrin náà gbé omi wá, ó dúró, ó ń wò wá.

"Ẹ̀yin márààrún ń roko nítorí mi, kò sì sẹ́ni tó bi mí bóyá mo fẹ́ ẹnikẹ́ni."

"Àǹtí, ẹ má bínú," ni adẹ́mu wí. "Èmi náà kò fẹ́ yín. Ìdánwò ni mo fẹ́."

Ó rẹ́rìn-ín débi pé omi dà nù. "Ẹ kú iṣẹ́ nígbà náà."

Òjò dé kí a tó tọ́ oúnjẹ wò. Ẹni tó bá mọ ilẹ̀ dúdú wa mọ ohun tí ìyẹn jẹ́: amọ̀ tó ń di ẹsẹ̀ mú bí ẹni tí kò fẹ́ kí àlejò lọ. Ọkọ̀ kankan kò lè wọlé, kò sì lè jáde. Ní ọjọ́ Sọ́ńdè, àwa mẹ́rin tí ìwé wa pé jókòó, a ń bú ìjọba nítorí ọ̀nà. Adẹ́mu bọ́ bàtà rẹ̀, ó so ó mọ́ ọrùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ sí ìlú Pobè. Ojú tì wá, a tẹ̀ lé e. Ní Pobè a rí ọkọ̀ tó kó àgbàdo. A wọ gbọ̀ngàn ìdánwò ní ọjọ́ Mọ́ńdè nígbà tí wọ́n ti pín ìbéèrè tán. Ẹni tó ń ṣọ́ ìdánwò wo amọ̀ tó gbẹ mọ́ adẹ́mu dé orúnkún, ó ní, "Mèsíè, ṣé oko lẹ ti ń bọ̀?" Ó ní, "Ilé àna ni, ọ̀gá." Ọkùnrin náà, tí òun náà ní àna, fún un ní ìwé.

Òun ló ṣe ipò kìíní. Èmi yege díẹ̀, ìwọ̀nba tí ènìyàn lè fi gba ipò ọ̀gá ní ọ́fíìsì.

Nígbà tí ìwé-ẹ̀rí jáde, kò gbé e lọ sí ibi iṣẹ́ kankan. Ó gbé e lọ sí Kpoulou, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún katikíìsì. "Bàbá, ìwé ọmọ yín rè é. Ohun tí mo wá mú níbẹ̀ ti wà lọ́wọ́ mi." Mo rò pé ó ń ṣe àṣehàn, torí ohun tí èmi ì bá fi ṣe nìyẹn. Ní ọjọ́ kejì, ó ti wà nídìí ọ̀pẹ.

Kò pẹ́ tí àwọn ológun tó ti gba ìjọba fi kéde pé ìyípadà dé. A kò pe ara wa ní mèsíè bí àwọn Faransé mọ́, kámáráàdì ni. Ìgbìmọ̀ Adja-Ouèrè kéde pé ẹ̀wọ̀n tí amúnisìn fi dè wá ni ìwé-ẹ̀rí, wọ́n sì ní kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe olùkọ́ mú ẹ̀dà rẹ̀ wá pẹ̀lú òǹtẹ̀ àti fọ́tò mẹ́ta. Adẹ́mu lọ bá wọn lọ́wọ́ òfo, ó ní òun lè kọ́ àwọn ọmọ Massè ní ìṣirò. Wọ́n fẹ́ lé e. Katikíìsì ló fi ọ̀pá rìn wọlé.

"Ọmọ mi ló ni ìwé," ó wí. "Ọkùnrin yìí ló ni ohun tó wà nínú rẹ̀."

Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé olùkọ́ fún ìgbà díẹ̀ ni, títí wọn yóò fi rí ẹni tó ní ìwé. Wọ́n sì rí i. Èmi ni. Wọ́n fún mi ní lẹ́tà pé kí n lọ gba ipò rẹ̀.

Mo dé Massè ní òwúrọ̀, mo jókòó lẹ́yìn kíláàsì. Ó gbé akèrègbè omi kan sórí tábìlì, ó ń pín in fún àwọn ọmọ, ìdajì, ìdá mẹ́ta, ìdá mẹ́rin, wọ́n sì ń bá a jiyàn kíkankíkan pé ti ọ̀rẹ́ àwọn pọ̀ ju tàwọn lọ. N kò rí irú rẹ̀ ní yunifásítì. Nígbà tí wọ́n jáde lọ ṣeré, ó wá bá mi.

"Àbúrò, wọ́n ní o wá gba àga."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Mo wá bẹ ilé ẹ̀kọ́ wò ni."

Ó wo lẹ́tà tó yọ lápò mi. Ó bu omi tó kù nínú akèrègbè fún mi mu. Nígbà tí mo padà sí Adja-Ouèrè, mo kọ ìròyìn mi fún ìgbìmọ̀ pé mo dé Massè, mo wá olùkọ́ fún ìgbà díẹ̀ tí wọ́n sọ náà títí, n kò rí i; olùkọ́ kan ṣoṣo ni mo bá níbẹ̀, kò sì sí àyè. Mo fọwọ́ sí i, mo sì lu òǹtẹ̀ méjì sí i.