Ohun Tí Màmá Pátákó Ṣe Lọ́jọ́ Ìdánilọ́lá

Ní ilé ìfọṣọ tó wà lẹ́yìn ilé ìwòsàn ńlá kan, níbi tí ooru ti ń bá èèyàn jà láti òwúrọ̀, obìnrin kan wà tí gbogbo wọn ń pè ní Màmá Pátákó. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Aṣọ ló kọ́kọ́ ń ká, kó tó wá di ọ̀gá. Kò kàwé lọ títí, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń wá ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń darí òṣìṣẹ́, ẹ má wulẹ̀ lọ jìnnà.

Pátákó tó sọ ọ́ lórúkọ náà dúdú, ó sì wà lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìfọṣọ. Òfin rẹ̀ kò ṣòro. Ẹni tó bá ṣe àṣìṣe yóò mú ṣọ́ọ̀kì, yóò kọ ohun tó ṣe síbẹ̀, yóò sì fi orúkọ ara rẹ̀ sí i. Bí ilẹ̀ bá mọ́, gbogbo wọn á dúró yí pátákó ká. Ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́ kẹ́yìn ló ń kọ́kọ́ sọ ohun tó rò pé ó fa àṣìṣe náà, ọ̀gá ló ń sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn. Àṣìṣe tí èèyàn bá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ kò ní ìyà. Èyí tó bá fi pa mọ́ ló lè gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọdún àkọ́kọ́, orúkọ Màmá nìkan ló fẹ́rẹ̀ẹ́ wà níbẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́.

Nígbà tó yá, wọ́n gbà á gbọ́. Aṣọ tí ẹ̀jẹ̀ wà lára rẹ̀ kò dà pọ̀ mọ́ ti àwọn ọmọ ìkókó mọ́. Àwọn ọ̀mọ̀wé wá, wọ́n béèrè ìbéèrè títí ó fi sú wọn, wọ́n lọ fi ọgbọ́n pátákó náà kọ́ àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ tí owó oṣù wọn kò ṣeé fẹnu sọ. Nígbẹ̀yìn, ìwé dé láti ọ̀dọ̀ ìjọba pé wọ́n fẹ́ fi àmì ẹ̀yẹ gíga dá a lọ́lá nítorí ọgbọ́n ìdarí iṣẹ́. Ẹ má jẹ́ ká purọ́, inú rẹ̀ dùn dé góńgó. Àbúrò rẹ̀ obìnrin tó jẹ́ aránṣọ bá a rán aṣọ tuntun. Màmá sì ń dúró níwájú dígí, ó ń kọ́ bí yóò ṣe tẹ ọrùn kí rìbọ́nnì àmì ẹ̀yẹ tí wọ́n máa fi kọ́ ọ lọ́rùn má bàa yọ gèlè rẹ̀.

Oníròyìn kan wá sí ilé ìfọṣọ, ó sì ya fọ́tò rẹ̀ níwájú pátákó. Nígbà tí ìwé ìròyìn jáde, gbogbo èèyàn rí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kedere: “Mo kó aṣọ ibùsùn mẹ́fà tí kò gbẹ dáadáa lọ sí yàrá àwọn ọmọdé. Mo ń kánjú. Áyọ́ọ̀nù.” Áyọ́ọ̀nù ni ìnagijẹ ọkùnrin tó ń lọ aṣọ níbẹ̀ láti ọdún méjìdínlógún. Kí ọjọ́ náà tó rọ̀, ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn, tí kò tíì lo oṣù mẹ́rin nípò, ti fún un ní ìwé gbélé ẹ.

Màmá gba ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà lọ tààrà. “Ọ̀gá, mo ti ṣèlérí fún wọn pé kò sí ìyà.”

“Màmá, gbogbo ìlú ti rí i. Ẹ nu pátákó yẹn, kẹ́ ẹ lọ gba àmì ẹ̀yẹ yín. Ó ku ọjọ́ mẹ́ta péré.”

“Tí kò bá kọ ọ́ ńkọ́?”

“Tí kò bá kọ ọ́, ta ló máa mọ̀?”

“Àwọn ọmọ tó sùn lórí ẹ̀ máa mọ̀.”

Ọ̀gá àgbà gbójú sí aago ọwọ́ rẹ̀. Irú wọn, aago ni wọ́n máa ń wò.

Ní ọjọ́ kejì, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan ṣọ́ọ̀kì. Màmá rí obìnrin aṣọ-kíká kan tó rọra ti aṣọ ibùsùn tó ya sábẹ́ àwọn tó dára. Obìnrin náà gbójú sókè, ojú wọn ṣe mẹ́rin, ó sì yára wo ilẹ̀. Ẹ̀rù ba Màmá ní tòótọ́. Iṣẹ́ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ti ń wọmi lójú rẹ̀.

“Ẹ gba àmì ẹ̀yẹ yẹn ná, kẹ́ ẹ tó máa jà,” àbúrò rẹ̀ bẹ̀ ẹ́.

“Tí mo bá ti gbà á, kí ni mo tún fẹ́ fi bá wọn jà?”

Ọjọ́ pé. Gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́ láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Wọ́n pe orúkọ rẹ̀, ó gorí pèpéle, wọ́n sì ń ka ìwé oríyìn: lábẹ́ ìdarí rẹ̀, ilé ìfọṣọ náà kò ṣe àṣìṣe kankan rí. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Àgbà òṣìṣẹ́ ìjọba na rìbọ́nnì sí i. Màmá kò tẹ ọrùn.

“Irọ́ ni wọ́n kọ sínú ìwé yẹn, sà,” ló wí. “À ń ṣe àṣìṣe lójoojúmọ́. À ń sọ ọ́ ni. Ẹni tó sọ tiẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí, ọ̀gá wa tó jókòó sọ́hùn-ún yẹn ti lé e. Tó bá padà sẹ́nu iṣẹ́, mo máa gba àmì ẹ̀yẹ yìí. Tí kò bá padà, ẹ máa gbé e lọ.”

“Ìyá, a kì í dúnàádúrà lórí irú nǹkan yìí,” àgbà náà wí jẹ́jẹ́. Ó dá rìbọ́nnì padà sínú àpótí, ó pa á dé, wọ́n sì pe orúkọ ẹlòmíràn.

Àwọn oníròyìn ya bo ọ̀gá àgbà. Nígbà tó fi máa bá Màmá lórí àtẹ̀gùn, òógùn ti bò ó. “Ẹ sọ fún un kó padà wá.”

“Ẹ̀yin lẹ lé e. Ẹ̀yin lẹ máa lọ pè é.”

Màmá tẹ̀ lé e dé ilé Áyọ́ọ̀nù, kí ọ̀gá àgbà má bàa yà síbòmíràn lọ́nà. Áyọ́ọ̀nù ṣílẹ̀kùn pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì lọ́rùn, ó gbọ́ ẹ̀bẹ̀ ọ̀gá àgbà tán, ṣùgbọ́n àyà Màmá ló ń wò.

“Màmá, rìbọ́nnì yín dà?”

“Wọn ò fún mi.”

Omi lé sójú ọkùnrin náà. “Nítorí tèmi?”

“Ó dùn mí, má wulẹ̀ bi mí,” ni Màmá wí. “Lọ wọ ṣẹ́ẹ̀tì ẹ. Aṣọ ti pọ̀ nílẹ̀.”