Ẹrù Tó Ṣẹ́kù Nínú Bàálù Ọ̀rẹ́ Mi

Ọmọ mi obìnrin ń ṣe bàálù nínú yàrá tí ìyá rẹ̀ ti máa ń ránṣọ nígbà ayé rẹ̀, ní ilé wa ní Adigbẹ. Kì í ṣe bàálù tó ń gbé èèyàn. Orí kọ̀ǹpútà ló ń ṣe é sí, fún àwọn tó fẹ́ràn láti jókòó sílé kí wọ́n máa wa bàálù bí ẹni pé wọ́n wà lójú òfúrufú. Kóòdù ló ń kọ, ìyẹn àwọn àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé, kí ẹ́ńjìnnì lè dún, kí epo máa jó, kí ẹsẹ̀ bàálù sì jáde nígbà tó bá fẹ́ balẹ̀. Ó pẹ́ kí n tó gbà pé iṣẹ́ ni.

Ọ̀rẹ́ mi tó ń gbé Kémta ló wa bàálù gidi jẹun. Yunifásítì la ti pàdé, èmi ń kọ́ ìṣirò, òun ń kọ́ físíìsì. Títí di òní, Oníṣirò ló ń pè mí. Kóòtù kan ṣoṣo la jọ ń wọ̀ nígbà náà. Tèmi ni, ṣùgbọ́n èjìká tirẹ̀ gbòòrò jù ú lọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá wọ́n lè gbà á fún ẹ̀kọ́ bàálù wíwà, a tú ojú rírán ẹ̀yìn kóòtù náà díẹ̀ kó lè gbà á. Ó ń rìn gbọnrangandan bíi sójà, èmi ń tẹ̀ lé e. Kò bojú wẹ̀yìn, ó kàn ń bi mí ṣáá ni: "Ṣé ó ti ya?" Èmi náà ń dá a lóhùn pé kò tíì ya.

Nísinsin yìí, àìsàn kan ń jẹ ojú rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ bọ̀ sáàárín. Dókítà ti sọ fún un pé èyí tó bá ti lọ kò ní padà mọ́. Ó wá sí ilé wa lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó mu omi tán, ó dojú kọ ọmọ mi.

"Ìyàwó mi, bàálù kékeré tí mo wà jù láyé mi, ó wù mí kí n tún gbé e balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i kí ojú yìí tó ṣú. Ṣé o lè bá mi ṣe irú rẹ̀?"

"Dádì Kémta, tí mo bá ní kí n bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ó máa pẹ́ gan-an. Ṣùgbọ́n mo ti ṣe bàálù akẹ́rù kan rí, ẹlẹ́ńjìnnì méjì bíi tiyín. Màá mú kóòdù tibẹ̀, màá tún un ṣe kó bá tiyín mu."

Inú rẹ̀ dùn. Èmi ni ọ̀rọ̀ náà kò bá lára mu. Nígbà tó lọ tán, mo ní, "Àlòkù lo wá fẹ́ fún ọ̀rẹ́ mi?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Dádì, nígbà tí àwọn baba yín kúrò nínú igbó Ẹ̀gbá dé abẹ́ òkúta, ṣé wọ́n jókòó ronú orúkọ tuntun ni? Kémta tí wọ́n ní lọ́hùn-ún náà ni wọ́n gbé wá, tòun ti oyè rẹ̀. Ẹ kì í pe Kémta ní àlòkù."

Òótọ́ ni. Bàbá mi máa ń sọ pé àwọn àgbà kò fi nǹkan kan sílẹ̀ lọ́hùn-ún. Àní ìjà ta ló yẹ kó jókòó ṣíwájú ta, wọ́n rù ú wá.

Nígbà tí ọmọ mi parí bàálù náà, ọ̀rẹ́ mi wá ní àárọ̀ Sátidé kan. Ó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, ó di ọ̀pá ìdarí mú. Bàálù sáré, ó gbéra. Ṣùgbọ́n bó ti gbéra, imú rẹ̀ nà sókè, ìrù rẹ̀ rọ̀ sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ń ti ọ̀pá síwájú, kò gbọ́.

"Ta ló di iṣu sí ìrù bàálù mi?"

"Ẹ ní kí ni, sà?"

"Ìrù rẹ̀ wúwo. Ó ń ṣe bí ọkọ̀ tó ń ti ọjà Ìtòrí bọ̀."

Bàálù náà já lulẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi fi ọ̀pá sílẹ̀, ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó rọra ní, "Bóyá ọwọ́ mi ni. Bóyá mo ti gbàgbé rẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju ọ̀rọ̀ dókítà lọ. Mo wo ọmọ mi, ó ti ń ka kóòdù rẹ̀ lọ sókè sódò. Lójijì ó fọwọ́ bonu.

"Dádì Kémta, ẹ má bínú. Ọwọ́ yín kọ́. Ẹrù tó wà lẹ́yìn bàálù akẹ́rù yẹn ni mo gbàgbé láti sọ̀. Ó bá kóòdù wọlé, kò sì hàn sójú."

Ọ̀rẹ́ mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Mo ní iṣu ni, ẹ rò pé mo ń ṣàwàdà."

Ọmọ mi sọ ẹrù náà. Lẹ́ẹ̀kejì, bàálù gbéra wọ́ọ́rọ́wọ́. Mo rí i tí èjìká ọ̀rẹ́ mi rọlẹ̀. Ó yí ká, ó kọjú sí pápá, ó fa ẹsẹ̀ bàálù jáde. Nínú bàálù tirẹ̀, iná kéékèèké aláwọ̀ ewé, bíi hóró àgbàdo, ló máa ń tàn láti fi hàn pé ẹsẹ̀ ti jáde. Ọmọ mi ti tò wọ́n síbẹ̀, wọ́n sì tàn. Ọ̀rẹ́ mi tẹ̀ síwájú, ó ń yí orí kiri, kò rí wọn. Ilẹ̀ ń bọ̀. Lókè wọn, iná ńlá aláwọ̀ òféefèé kan tàn.

"Áà, iná yẹn," ni ọmọ mi wí. "Iná ẹsẹ̀ ti bàálù akẹ́rù náà nìyẹn, kò sí nínú tiyín. Màá yọ ọ́."

"Má yọ ọ́ o. Òun nìkan ni mo rí."

Ó gbé bàálù náà balẹ̀. Ó tọ lẹ́ẹ̀kan, ó fìdí mọ́lẹ̀, ó ń sá lọ títí ó fi dúró. Ọ̀rẹ́ mi kò fi ọ̀pá sílẹ̀, kò sì bojú wẹ̀yìn.

"Oníṣirò, ṣé ó ti ya?"

Mo ní kò tíì ya. Ó ní kí ọmọ mi tún gbé òun padà sókè.