Ìyá Ẹnu Géètì

Kì í ṣe Àríkẹ́ ló fẹnu ara rẹ̀ tọrọ iṣẹ́ tó ń ṣe nílé-iṣẹ́ bisikíìtì tó wà ní Muṣin, lójú ọ̀nà tó lọ sí Ìsọlọ́. Nínú yàrá tí wọ́n ti ń di bisikíìtì sínú páálí ló ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá bá ọkọ rẹ̀, tó ṣì lè dúró láti àárọ̀ dalẹ́ kí ẹsẹ̀ má wú. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ẹnu rẹ̀ kò sì pọ̀. Ohun tí àwọn ọ̀gá rí lára rẹ̀ nìyẹn tí wọ́n fi mú un kúrò láàárín àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n wọ kóòtù aláwọ̀ búlúù sí i lọ́rùn, wọ́n sì gbé e sẹ́nu géètì.

Bí iṣẹ́ bá ti parí, gbogbo obìnrin á tò síwájú yàrá kékeré kan tí wọ́n fi páánù kọ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń wọlé. Àríkẹ́ á tú gèlè wọn, á fọwọ́ gba abẹ́ apá wọn, á ní kí wọ́n tú ìró, á wò ó bóyá wọ́n di bisikíìtì mọ́ra. Àwọn ọkùnrin kì í wọ yàrá kankan ní tiwọn. Wọ́n á kàn yí àpò ṣòkòtò wọn síta fún ọlọ́dẹ, wọ́n á sì máa bá ẹ̀rín wọn lọ.

Ìtìjú fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Àríkẹ́ nígbà tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Àwọn tí wọ́n ti jọ ń jẹun pọ̀ kò pè é sídìí oúnjẹ mọ́. Bó bá ti kọ ẹ̀yìn, Ìyá Ẹnu Géètì ni wọ́n ń pè é. Àmọ́ kí ni kó ṣe? Àkàngbé ọkọ rẹ̀, káfíńtà tí gbogbo Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó mọ̀ tẹ́lẹ̀, ti já bọ́ láti orí òrùlé, ìbàdí rẹ̀ kò sì jọ ìbàdí mọ́. Àríkẹ́ nìkan ni ilé ń wò báyìí. Nítorí náà ó wá ọgbọ́n tirẹ̀ dá sí i. Bí obìnrin kan bá ti wọlé, á gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á máa bi í léèrè ọmọ àti ọkọ bí ọwọ́ rẹ̀ ti ń lọ. "Ẹ má bínú, ẹ má bínú," á máa wí bẹ́ẹ̀ lábẹ́lẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn obìnrin náà rí i pé kì í ṣe ìwà ìkà, wọ́n sì tún ń kí i.

Lẹ́yìn tí ariwo owó Údójì, àfikún owó oṣù tí ìjọba fún àwọn òṣìṣẹ́, ti rọlẹ̀, ìjọba ní kí àwọn òyìnbó ta ìpín nínú ilé-iṣẹ́ wọn fún ọmọ Nàìjíríà. Òyìnbó tó ń bójú tó ọ̀ràn òṣìṣẹ́ kó ẹrù rẹ̀, ó lọ. Ọ̀gbẹ́ni Ambrose ló gbapò rẹ̀, ọmọkùnrin tó mọ́ tónítóní, tó kàwé nílùú òyìnbó, tí táì kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀ bó ti wù kí oòrùn mú tó. Ọjọ́ tí wọ́n fi í hàn, àwọn obìnrin pàtẹ́wọ́ títí. Wọ́n ní ó tó gẹ́ẹ́, ọmọ wa ti dé, yóò mọ ibi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀.

Kò pẹ́ tó fi ránṣẹ́ pe Àríkẹ́ sí ọ́fíìsì.

"Màmá, ẹ jókòó."

Láti ọjọ́ tí Àríkẹ́ ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò fi àga lọ̀ ọ́ rí ní ọ́fíìsì yẹn. Ó jókòó sí etí àga náà.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ máa ń yẹ àwọn obìnrin wò ní ìrọ̀lẹ́?"

"Èmi ni, sà."

"Ó dáa. Láti òní lọ, kì í ṣe bisikíìtì nìkan lẹ ó máa wá lára wọn. Àwọn kásúà yìí ń lóyún, wọ́n sì ń fi í pamọ́ fún wa. Ìgbà tí a ó bá fi mọ̀, wọn ò ní lè gbé páálí mọ́, wọ́n á wá máa bèèrè ìsinmi. Kò sí ìsinmi oyún fún kásúà. Ọwọ́ yín ń kàn wọ́n lójoojúmọ́. Èyí tí ẹ bá ti mọ̀ pé nǹkan wà níkùn rẹ̀, ẹ wá sọ fún mi."

Àríkẹ́ mọ ohun tí kásúà ń jẹ́. Àwọn ni wọn kò fún níwèé iṣẹ́, tí wọ́n lè lé bí ẹní lé ewúrẹ́. Láàárín àwọn obìnrin ilé-iṣẹ́ náà, àwọn ló pọ̀ jù.

"Ọ̀gá, ẹni tí mo bá wá sọ fún yín ńkọ́? Kí lẹ ó ṣe fún un?"

"Á lọ sílé lọ bí ọmọ rẹ̀. Ṣebí nǹkan ayọ̀ ni." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Lẹ́yìn náà ó gbé bírò rẹ̀. "Bí mo bá sì rí èyí tí ẹ kò sọ, ẹ̀yin náà á bá a lọ sílé, màmá."

Ẹni àkọ́kọ́ ni Sàúdátù. Oyún tirẹ̀ ti yọ, kò sí aṣọ tó lè bò ó, Àríkẹ́ sì sọ fún ara rẹ̀ pé bí òun kò tilẹ̀ sọ, ojú ẹlòmíràn á rí i. Ó lọ sọ. Lọ́jọ́ kejì, ọlọ́dẹ kò jẹ́ kí Sàúdátù wọlé. Obìnrin náà kò pariwo, kò sì ṣépè. Ó dúró lẹ́yìn irin géètì títí ojú òun àti ti Àríkẹ́ fi ṣe mẹ́rin.

"Ìyá," ó ní, "ṣebí ẹ ti bímọ rí."

Ó yí padà, ó lọ. Àríkẹ́ kò lè jẹun lọ́jọ́ náà. Ó rò ó fún Àkàngbé nílé, Àkàngbé ní, "Ṣé ìwọ lo ṣòfin ni?" Ọ̀rọ̀ yẹn kò wọ̀ ọ́ létí. Ó pinnu lọ́kàn rẹ̀ pé ẹnu òun kò tún ní í ṣe irú rẹ̀ mọ́.

Bí ọ̀rọ̀ ti rí nìyẹn nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ kan Làbákẹ́. Ọmọ Muṣin gan-an ni Làbákẹ́, nílé àwọn Mùsùlùmí àtijọ́ tó wà lẹ́yìn ọjà. Ọmọdébìnrin náà ń ṣiṣẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀. Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ Tìrìmísíyù ọkọ rẹ̀ ní èbúté Àpápá. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Àríkẹ́ fọwọ́ gba abẹ́ ìró rẹ̀, ó bá ọ̀já tí wọ́n fi di ikùn pinpin. Lábẹ́ ọ̀já náà, ikùn le. Ó gbójú sókè. Làbákẹ́ gbá ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákun."

"Làbákẹ́! Oyún wo nìyí?"

"Súpáfáísọ̀ ní orúkọ mi wà lára àwọn tí wọ́n fẹ́ sọ di pámánẹ́ǹtì. Ẹ jẹ́ n rí ìwé mi gbà ná. Bí mo bá ti rí i gbà, wọn ò lè lé mi mọ́, wọ́n á tiẹ̀ fún mi nísinmi. Ẹ̀gbọ́n, ilé wa ti tú tán."

Ẹni tó kàn lórí ìlà ti ń kan páánù gbàgbà pé kí wọ́n ṣe kíá. Àríkẹ́ wo ọmọbìnrin náà, ojú Sàúdátù ló rí.

"Jáde," ó ní. "Mi ò rí nǹkan kan."

Láti ìgbà náà ni àṣírí ti pa wọ́n pọ̀. Bí Làbákẹ́ bá ti wọ yàrá páánù, Àríkẹ́ á bá a tú ọ̀já náà kí ó lè mí dáadáa. Á dúró sẹ́nu ọ̀nà, á máa sọ̀rọ̀ sókè bí ẹni ń wá nǹkan: "Ẹ yíjú sí mi! Kí lẹ dì sọ́wọ́ yẹn?" Làbákẹ́ á fara ti ògiri, á di ojú rẹ̀, á máa fọwọ́ pa ikùn. Lẹ́yìn náà wọ́n á tún un dì. Nígbà tí ikùn yọ sí i, tí ọwọ́ Làbákẹ́ kò lè fa ọ̀já yí ara rẹ̀ ká mọ́, Àríkẹ́ ló ń bá a fà á.

"Kò le jù?"

"Ẹ fún un sí i díẹ̀."

Ìwé kò dé. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, súpáfáísọ̀ ń ní ó kù díẹ̀. Nígbà tí Iléyá ń bọ̀, ọjà pọ̀, àwọn lọ́rì ń wá kó ẹrù láti àárọ̀. Àwọn tó ń retí pámánẹ́ǹtì ló ń sáré síwájú jù, nítorí wọ́n mọ̀ pé ojú ń wò wọ́n. Láti ẹnu géètì ni Àríkẹ́ ti ń rí Làbákẹ́ tó ń gbé páálí rù, páálí lórí páálí, tó ń rìn kánmọ́kánmọ́ bí ẹni tí nǹkan kan kò ṣe.

"Sọ fún wọn pé ẹ̀yìn ń dùn ọ́," ó bẹ̀ ẹ́ nínú yàrá.

"Ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn ni wọn ò ní mú, ẹ̀gbọ́n."

Lọ́sàn-án ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, òjò ti rọ̀, ilẹ̀ ń yọ̀. Àríkẹ́ gbọ́ igbe, ó sáré. Làbákẹ́ wà nílẹ̀ nídìí pákó tí wọ́n ń gbà gun lọ́rì, bisikíìtì fọ́n ká nínú omi. Àríkẹ́ kọ́kọ́ rò pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ló dá. Ìgbà náà ló rí ẹ̀jẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Ambrose dé, ó dúró lókèèrè kí ẹrẹ̀ má ba bàtà rẹ̀ jẹ́.

"Kí ló ṣe é?"

Àwọn obìnrin ti ń gbé Làbákẹ́ nílẹ̀. Wọ́n bèèrè ọkọ̀ ilé-iṣẹ́, ọlọ́dẹ ní dẹ́rẹ́bà ti gbé e jáde. Takisí ni wọ́n dá dúró lójú títì, Àríkẹ́ sì gbé orí Làbákẹ́ lé itan. Gbogbo ọ̀nà ni ọmọbìnrin náà ń wí pé, "Ẹ bá mi tú u, ẹ bá mi tú u." Àríkẹ́ ń gbìyànjú. Omi òjò ti mú kí kókó ọ̀já náà fún pinpin, kò ṣe é tú.

Nílé ìwòsàn, àlùmọ́gàjí ni nọ́ọ̀sì fi gé ọ̀já náà. Ọmọkùnrin ni Làbákẹ́ bí. Kò sunkún. Nọ́ọ̀sì wo ilà tí ọ̀já ti fà sára Làbákẹ́, ó yíjú sí Àríkẹ́.

"Ta ló ń di ikùn rẹ̀ báyìí?"

Àríkẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó ṣa ọ̀já tí wọ́n gé náà nílẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ní ọ́fíìsì, Ọ̀gbẹ́ni Ambrose kò ní kí Àríkẹ́ jókòó lọ́tẹ̀ yìí.

"Ṣé ọwọ́ yín kò kan ikùn rẹ̀ ni?"

"Ó kàn án, sà."

"Ẹ sì dákẹ́."

"Bí mo bá sọ, ẹ ó lé e, sà."

"Ní tòótọ́, màá lé e." Kò pariwo rárá, ó ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni. "Ká ní mo lé e ni, á wà nílé ọkọ rẹ̀ báyìí, ọmọ rẹ̀ á sì wà níkùn rẹ̀. Ẹ lọ ro ìyẹn."

Ì bá ṣe pé ó bú u ni, ì bá sàn. Ohun tí Àríkẹ́ ti ń rò láti ilé ìwòsàn ló ti sọ yẹn. Ó bọ́ kóòtù búlúù, ó ká a, ó gbé e sórí tábìlì. Ó gba ọ̀dọ̀ Fàsásì, akọ̀wé yúníọ̀nù àwọn òṣìṣẹ́, lọ. Fàsásì káàánú rẹ̀, àmọ́ ó ní kò sí bí àwọn ṣe lè gbé ọ̀rọ̀ Làbákẹ́, kásúà kò sí nínú yúníọ̀nù. "Ẹ̀yin náà, ìyá, ọ̀dọ̀ máníjà ni wọ́n ka àwọn ẹnu géètì sí. Ẹ kò sí lọ́dọ̀ wa."

Bó ti ń lọ sílé, ó pàdé Sàúdátù lẹ́bàá ọjà, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ tí oyún rẹ̀ lé e níṣẹ́ nìyẹn. Inú Àríkẹ́ fẹ́ dùn. Ó sún mọ́ ọn, ó rí bí ọrùn ọmọ náà ti tín-ín-rín tó, tí ojú rẹ̀ tóbi lórí.

"Ẹ wò ó dáadáa," ni Sàúdátù wí. "Omi ọ̀gì ló ń mu. Ọmú ti gbẹ." Ó gbé ọmọ náà pọ̀n dáadáa, ó sì kọjá lọ.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí Àríkẹ́ tó ní ìgboyà láti lọ sílé Làbákẹ́. Ó bá a lórí ẹní, ó ti rù. Tìrìmísíyù gbé àga fún àlejò, ó sì jáde fún wọn.

"Wọ́n ránṣẹ́ sí mi láti ibiṣẹ́," ni Làbákẹ́ wí. Kò wo ojú rẹ̀. "Ọ̀gá Ambrose ní kí n máa bọ̀. Wọ́n ti sọ mí di pámánẹ́ǹtì. Ó ní nǹkan tó ń dí mi lọ́wọ́ kò sí mọ́."

"Ó wí bẹ́ẹ̀?"

"Bó ṣe wí nìyẹn. Màá lọ, ẹ̀gbọ́n. Kí la fẹ́ jẹ?"

"Lọ. Mi ò ní kí o má lọ."

Lóde, ẹnì kan ń gún nǹkan nínú odó. Nígbà tó yá, Làbákẹ́ ní, "Ká ní ẹ lọ sọ fún wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn ńkọ́?"

Àríkẹ́ ti mọ̀ pé ìbéèrè náà ń bọ̀, síbẹ̀ ó bá a bí ìgbà tí ènìyàn gba ìkúùkù láyà.

"Mi ò mọ̀, Làbákẹ́. Mo rò pé mo ń ṣàánú rẹ ni."

"Ẹ ṣàánú mi lóòótọ́," ni Làbákẹ́ wí. "Èmi ni mo ní kí ẹ fún un sí i."

Ìgbà yẹn ni ẹkún wá gba ọmọbìnrin náà. Àríkẹ́ sọ̀kalẹ̀ lórí àga, ó jókòó tì í lórí ẹní, ó fẹ́ gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn, ọwọ́ náà kò dé ibẹ̀. Ó gbé e padà sórí itan rẹ̀.

Ilé ẹ̀kọ́ kan ní Àgùdà ló gba Àríkẹ́ síṣẹ́ níkẹyìn, ó ń gbálẹ̀, ó ń fọ ilé ìyàgbẹ́ àwọn ọmọdé. Ó gbọ́ pé ilé-iṣẹ́ bisikíìtì ti gba nọ́ọ̀sì kan, pé òun ló ń yẹ àwọn kásúà wò lóṣooṣù báyìí bóyá wọ́n lóyún, tó sì ń lo ìbọ̀wọ́. Làbákẹ́ ṣì wà níbẹ̀. Òun àti Àríkẹ́ máa ń pàdé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan lójú ọ̀nà, wọ́n á kí ara wọn dáadáa, wọ́n á bèèrè ara ọkọ, kálukú á sì bá tirẹ̀ lọ.