Ìrọ̀rí Ìyàwó Mi àti Òróró Ìyá Ìjọ

Kí ìyàwó mi tó kú, ó ti ṣèlérí fún ìjọ wa ní Clinton, nílùú òyìnbó níbí, pé òun yóò fi ọwọ́ ara òun ṣe léèsì sí etí aṣọ tábìlì Oúnjẹ Olúwa, kí ọdún Àjíǹde tó dé. Pásítọ̀ kéde rẹ̀, àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn ìsìn, Ìyá Ìjọ fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó bi í pé kí ló dé tí kò kúkú lọ rà á ní Oxon Hill, níbi tí wọ́n ti ń tà á ní yáàdì.

Àwa Yorùbá mọ léèsì. A mọ èyí tó wúwo, a mọ èyí tó ń dán, a sì lè dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì kí a sọ orílẹ̀-èdè tí ti ẹni tó ń bọ̀ ti wá. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni kò sí ẹni tó bi wá rí. Èmi náà rò pé inú ẹ̀rọ ló ti ń jáde bíi búrẹ́dì.

Láíbìrì kan ní Laurel ni ìyàwó mi ti kọ́ ọ. Àwọn ìyá àgbà òyìnbó mélòó kan máa ń jókòó níbẹ̀ lọ́sàn-án Sátidé, oníkálùkù pẹ̀lú ìrọ̀rí líle lórí itan. Wọn á fi páálí tí wọ́n ti lu ihò sí lára lé orí ìrọ̀rí náà. Wọn á wé òwú mọ́ àwọn igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń pè ní bọ́bìnì, wọn á máa gbé igi kọjá lórí igi, wọn á máa lọ́ ọ, wọn á sì fi pínnì di ibi tí òwú bá ti pàdé mú. Ìlẹ̀kẹ̀ díẹ̀ wà nídìí igi kọ̀ọ̀kan kí ó má baà máa yí kiri. Odidi ọ̀sán kan, léèsì tí wọn yóò rí kò ju gígùn ìka lọ. Nígbà tí mo lọ gbé ìyàwó mi wálé tí mo rí wọn, mo sọ nínú ara mi pé ìyà kò tíì jẹ àwọn ará ibí yìí tó.

Ìyàwó mi kú nígbà tí igi bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́wé. Ìrọ̀rí náà ṣì wà lórí àga rẹ̀, pẹ̀lú pínnì lára rẹ̀. Mo gbé e lọ sí láíbìrì kí wọ́n bá mi yọ èyí tó ti ṣe kúrò lára rẹ̀, kí n lè fi í mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ fún ìjọ. Ìyá tó ń kọ́ wọn, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n àfi tó bá di igi mú, wò ó títí.

"A lè ta á ní kókó kó má baà tú," ó ní, "ṣùgbọ́n kò ní kárí iwájú tábìlì. Ṣé kí n bá ọ parí rẹ̀?"

Mo ní rárá. Ìlérí ilé wa ni. Mo fa àga, mo jókòó.

Mo ti lé ní ogójì ọdún kí n tó bá àwọn tí mo lè bí lọ́mọ jókòó ní kíláàsì, nítorí náà ojú kì í tì mí láti jẹ́ ẹni tó gbẹ̀yìn. Àwọn ìyá náà béèrè bóyá ọkùnrin ló ń ṣe léèsì ní Áfíríkà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, nítorí àlàyé ìyẹn ló kúrú jù.

Ohun tí ọwọ́ ń ṣe kò ju méjì lọ: kí o gbé igi kọjá, kí o lọ́ ọ. Ṣùgbọ́n tí n kò bá fi ẹnu sọ ọ́, mo ń ṣìnà. Tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, màá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, màá máa sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́: "Kọjá, lọ́, kọjá. Kọjá, lọ́, kọjá."

Bí Ìyá Ìjọ ṣe bá mi nìyẹn. Ìrẹsì ló gbé wá nínú kúlà, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe fún ọkùnrin tí aya rẹ̀ kú. N kò ti ilẹ̀kùn. Ó rí ìrọ̀rí olóògbé, ó rí pínnì tó gún un káàkiri, òwú funfun, igi, ìlẹ̀kẹ̀ nídìí igi, àti ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ tó wá ń bá gbogbo rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó gbé kúlà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Kò kí mi. Mo kàn gbọ́ tí ọkọ̀ rẹ̀ gbéra ni.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, ẹnikẹ́ni ò jókòó tì mí lápá ọ̀tún tàbí lápá òsì. Pásítọ̀ wàásù nípa àwọn ẹrù tí à ń gbé láti ilé wá láìmọ̀.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Ìyá Ìjọ dé pẹ̀lú díákónì kan tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà fún ìjọba. Díákónì kọ́kọ́ ráhùn nípa sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ ibi afárá tuntun tí wọ́n ń kọ́ lápá Oxon Hill, kó tó rántí pé nítorí ẹ̀mí òkùnkùn ni àwọn ṣe wá. Ìgò òróró wà lọ́wọ́ Ìyá Ìjọ.

"Bọ̀dá, a ò bá yín jà," ó ní. "Ẹni tó lọ ti lọ. Ohun tó fi sílẹ̀ ló ń bà wá lẹ́rù."

"Léèsì ni, mà."

"Léèsì wo? Èmi tí mo ti ń wọ léèsì láti ìgbà ọmọge?"

Díákónì bẹ̀rẹ̀ wò ó, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn. "Ìlẹ̀kẹ̀ yìí ńkọ́, sà? Ta ló fún ìyàwó yín?"

"Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ohun ìṣeré ọmọdé ló ti rà á."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n máa ń sọ."

Ìyá Ìjọ ṣí ìgò. Bí òróró bá kan òwú yẹn, ó ti bàjẹ́ nìyẹn, iṣẹ́ tèmi àti ti ìyàwó mi. Mo dà bo ìrọ̀rí náà, mo na apá mi méjèèjì yí i ká.

"Ẹ ò rí i, díákónì? Ó ti ń gbèjà ẹ̀."

Orí mi ni òróró náà balẹ̀ sí, ó ṣàn wọ ọrùn ẹ̀wù mi. Wọ́n gbàdúrà. Mo ṣe Àmín, torí àdúrà ni àdúrà ń jẹ́. Lẹ́yìn náà mo ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó kí ẹ dán an wò. Tó bá jẹ́ oògùn, ẹ̀yin lẹ máa mọ̀."

Ó wo díákónì. Díákónì wo ilẹ̀kùn. Ìyá Ìjọ ní òun fi ẹ̀jẹ̀ Jésù bo ọwọ́ òun, ó sì jókòó.

"Ẹ kọ́kọ́ fọ òróró ọwọ́ yín ná, mà."

Ó lọ fọ̀ ọ́. Mo fi igi hàn án: gbé èyí kọjá lórí èyí, lọ́ wọn, gbé e kọjá. Ó ṣe é.

"Ṣé kò ju báyìí náà lọ? Irun dídì ni."

Ó ṣe òmíràn, ó mú awò ojú rẹ̀ jáde nínú báàgì. Díákónì ní kí àwọn máa lọ nítorí ọ̀nà. Ìyá Ìjọ ní kó dúró ná. Nígbà tó yá, díákónì na ọrùn wò ó láti ẹ̀yìn èjìká rẹ̀.

"Mà, ìyẹn kọ́ ló kàn. Ti apá òsì ni."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò lè fọwọ́ kàn án, ta ló bi yín?"

Lẹ́yìn tí wọ́n lọ ni mo rí i pé Ìyá Ìjọ ti lọ́ òwú kan ní àlọ́jù. Kò ṣòro láti tú. Mo ti di pínnì ibẹ̀ mú, mo tún fi í sílẹ̀. Mo rò ó pé kò ní lè sọ pé kí wọ́n dáná sun ohun tí ọwọ́ òun wà nínú rẹ̀.

Iṣẹ́ náà parí kí Àjíǹde tó dé. Mo fa pínnì yọ níkọ̀ọ̀kan, léèsì náà sì dúró. Ní ọjọ́ ọdún, Ìyá Ìjọ dúró ti tábìlì, ó ń fi àṣìṣe rẹ̀ hàn àwọn ènìyàn. "Ibí yìí, èmi ni mo ṣe é." Nígbà tí ìkórè fi máa dé, ibi tó ní òun ṣe ti tó ìdajì. Mo gbọ́ tó ń sọ fún àlejò kan pé òun ló kọ́ ọkùnrin kan tí ìyàwó rẹ̀ kú, kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀. Mo mọ ibi tí ọwọ́ ìyàwó mi parí sí. Tirẹ̀ le, tèmi dẹ̀. Apá ibẹ̀ ni mo máa ń jókòó sí.

Kò pẹ́ tí Ìyá Ìjọ fi ra náílọ́ọ̀nù tó nípọn, irú èyí tó wà lórí tábìlì ìjẹun rẹ̀, ó fi bo aṣọ náà látòkè dé etí. Ìyá tó ń kọ́ wa ní láíbìrì wá wò ó, ó bi mí pé kí ló dé tí wọ́n fi bo ohun tí gbogbo ẹwà rẹ̀ jẹ́ ihò. Mo ní àṣà Áfíríkà ni.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, wọ́n mú aláìsàn wá síwájú. Ìyá Ìjọ gbé ìgò òróró kọjá lórí tábìlì, díẹ̀ sì ta sílẹ̀ níbẹ̀. Ó fi áńkáṣíìfù nù ún kúrò lórí náílọ́ọ̀nù. Mo na ọrùn wò ó. Léèsì abẹ́ rẹ̀ gbẹ.

Mo ṣe Àmín.