Ọwọ́ Ọ̀tún Tí Mo Yá Màmá

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run Ọba tó fún mi ní ọwọ́ méjì, tí méjèèjì ṣì ń gbọ́ tèmi. Alihamudulilahi.

Mo rántí ìgbà tí mo ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó nílùú òyìnbó, tí mo máa ń wọ bọ́ọ̀sì láti Peckham lọ sí Forest Hill ní ìrọ̀lẹ́, sọ́dọ̀ màmá ará Íńdíà kan. Ẹlẹ́sìn Híńdù ni màmá. Àìsàn rọpárọsẹ̀ ti pa ọwọ́ ọ̀tún wọn. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, wọn á ní kí n ti àga wọn síwájú pẹpẹ àdúrà wọn, wọn á sì jókòó síbẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Mo rò pé àdúrà inú ni, àfi ọjọ́ tí mo rí omi lójú wọn.

Wọ́n ní, “Orin ló yẹ kí n máa kọ. Orin wa kò sì pé láìpàtẹ́wọ́. Mo ti ń gbàgbé ẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí kí n má lọ bá Ọlọ́run láìní orin lẹ́nu.”

Èmi ọlọ́gbọ́n bá ní, “Ẹ fi tòsì gbá itan yín.”

Wọ́n wò mí bí ẹni tó tutọ́ sọ́bẹ̀. “Òsì nìkan? Fún Ọlọ́run?”

Ojú tì mí. Èmi tí wọ́n nà torí pé mo fi ọwọ́ òsì gba omi lọ́wọ́ bàbá àgbà! Àwọn àgbà ní ọ̀tún ló ń wẹ òsì, òsì ló ń wẹ ọ̀tún, lọwọ́ fi ń mọ́. Mo kúnlẹ̀ ti àga, mo na ọwọ́ ọ̀tún mi. Màmá fi òsì wọn lù ú. Mo fi agbára lu tiwọn padà, ó dún.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. “Rọra o, ọmọ mi! Ṣé ẹ̀fọn lò ń pa ni?”

Bí orin ṣe padà sílé nìyẹn. Mo bi wọ́n nítumọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní ọkàn èèyàn ni ìyàwó, Ọlọ́run sì ni ọkọ tó rìnrìn àjò. Ìyàwó dúró sílé, gbogbo ẹsẹ̀ tó bá ń kọjá lóde, ó ń rò pé ọkọ òun nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n tí mo ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ gbọ́, ó figbe ta. “A ò rí ẹ ní àsàlátù lọ́jọ́ Sunday, shift lò ń wí. O wá di elégbè àwọn Híńdù!”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ọwọ́ ni mo yá wọn, mi ò yá wọn ní ahọ́n.”

“Orin náà ńkọ́, etí ẹ ò gbọ́ ọ?”

Etí mi gbọ́ ọ. Ìyá mi ni mò ń rò, tó máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà ní Ìsẹ́yìn lẹ́yìn ìrun Mágíríbì, tó máa ń kọ orin àsàlátù, tí ojú rẹ̀ ń wo títì. Pépà ìgbélùú mi kò tíì jáde, mi ò lè lọ sílé. Ẹsẹ̀ ta ni ìyá mi ń retí, bí kò ṣe tèmi?

Màmá ti lọ bá Ẹni tí wọ́n ń retí, pẹ̀lú orin lẹ́nu. Ìyá mi náà ti lọ, kí pépà mi tó jáde. Nísinsìnyí, bí mo bá kírun Mágíríbì tán ní Peckham, mo máa ń kọ orin ìyá mi. Bó bá kan àtẹ́wọ́, ọwọ́ ọ̀tún mi á kọ́kọ́ nà síwájú, á dúró díẹ̀, kí tòsì mi tó rántí pé òun ló kàn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹni tí ẹ̀ ń retí, kí Ọlọ́run jẹ́ kó bá yín nílé.